Fọ́tò Night Watch ti Rijksmuseum: ẹ wò ó dáadáa, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn àgbà ayàwòrán ayé àtijọ́, tẹ́ ò bá tíì ṣí fọ́tò Night Watch, àwòrán àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú Amsterdam, tí mùsíọ́mù Rijksmuseum ní Amsterdam gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dákun ẹ lọ ṣí i, ọ̀fẹ́ ni. Rembrandt, ayàwòrán ará Netherlands, parí àwòrán yẹn ní 1642, ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni fọ́tò yìí jáde, mi ò sì tíì rí èyí tó jọ ọ́. Ńṣe ni wọ́n ya ojú àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, fọ́tò 8,439, ibi tí ẹyọ kan mú ò ju sẹ̀ǹtímítà 5.5 sí 4.1 lọ, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà so gbogbo ẹ̀ pọ̀ di fọ́tò kan ṣoṣo tó ní píksẹ́lì (àwọn àmì bíńtín tó ń para pọ̀ di fọ́tò) bílíọ̀nù 717. Kó lè yé yín, inú mìlímítà kan péré, píksẹ́lì 200 ló tò síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwòrán tó fẹ̀ ju mítà 4 lọ là ń sọ yìí o!

Ẹ fà á wá sí tòsí níbi aṣọ Willem van Ruytenburch, ọkùnrin tó wọ aṣọ yẹ́lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, Banninck Cocq. Ọ̀dà ibẹ̀ nípọn débi pé ó yọ sókè, ẹ máa rí ojú ibi tí búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá, ẹ máa rí gbogbo ibi tó ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó dùn ún wò gan-an.

Àmọ́ ibi tí fọ́tò mọ nìyẹn, ojú òkè ni. Kò lè sọ ohun tí wọ́n fi po ọ̀dà yẹn fún yín. Àwọn olùwádìí ló fi ẹ̀rọ mìíràn àti èérún ọ̀dà bíńtín rí i, wọ́n sì kéde ẹ̀ ní 2024, pé ásẹ́níìkì tó pò mọ́ sọ́fọ̀ ni Rembrandt lò láti jẹ́ kí àwọ̀ góòlù ara aṣọ yẹn máa dán. Ẹ wo aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti mọ èyí, ojú tẹ́ ẹ máa fi wò ó á yàtọ̀.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi yẹ àwòrán náà wò, èyí tó wù mí jù lọ ni XRF (X-ray fluorescence). Wọ́n á ta X-ray sójú kan lára àwòrán, èròjà tó bá wà níbẹ̀ á dá ìtànṣán tiẹ̀ padà, òjé ní tiẹ̀, kọ́pà ní tiẹ̀, kálísíọ́mù ní tiẹ̀, ẹ̀rọ á kà á, á sún síwájú díẹ̀, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí á fi ká gbogbo àwòrán. X-ray lásán ò lè ṣèyẹn torí ọ̀dà funfun olójèé máa ń dínà mọ́ ọn, infrared, ìtànṣán tí ojú wa ò lè rí, náà sì dáa fún ohun tí wọ́n fi èédú yà, kì í ṣe fún ọ̀dà aláwọ̀ pẹ́lẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀kì tí Rembrandt fi kọ́kọ́ fa ìlà àwòrán yìí. Kálísíọ́mù inú ṣọ́ọ̀kì yẹn ló tú àṣírí: Rembrandt ya ìyẹ́ sórí àṣíborí Claes van Cruijsbergen, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ inú àwòrán náà, ó tún yí ọkàn padà, ó fi ọ̀dà bò ó. Idà kan tún wà láàárín Banninck Cocq àti van Ruytenburch tó yọ kúrò. Ẹni tó ti kú láti 1669, à ń rí i níbi tó ti ń rò ó wò!

Wọ́n tún rí òjé nísàlẹ̀ pátápátá, lára kánfáàsì fúnra ẹ̀. Àwọn olùwádìí gbà pé ọ̀rinrin ògiri tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́ ni Rembrandt fi òróró olójèé dènà, torí kò tún ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú àwòrán mìíràn tí wọ́n ti yẹ̀ wò.

Ohun tí fọ́tò ò lè dá padà ni etí àwòrán tí wọ́n gé kúrò ní 1715 kó lè wọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo fún fọ́tò yìí ní 9 nínú 10. Ẹ fi kọ̀ǹpútà tí ojú ẹ̀ fẹ̀ wò ó, fóònù kéré fún un, ẹ ka ohun tí XRF rí kẹ́ ẹ tó ṣí i, kẹ́ ẹ sì ti ibi àṣíborí van Cruijsbergen bẹ̀rẹ̀.