Afternic, Sedo àti Escrow.com: ohun tí mo rí lẹ́nu títa orúkọ ìkànnì

Ẹni tó máa ra orúkọ ìkànnì (domain name) lọ́wọ́ yín ti ń wá orúkọ náà kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sínú browser rẹ̀, tàbí ó ti lọ wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún èèyàn, wọ́n sì ti sọ fún un pé ẹlòmíràn ti gbà á. Kí ló wá bá níbẹ̀? Bó bá bá ojú ewé tó ṣófo, á bá tirẹ̀ lọ, ẹ ò sì ní mọ̀ láé pé ó wá. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí nìyẹn: ṣé ẹni tó ti fẹ́ rà á rí ọ̀nà sanwó?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà kan, bí èèyàn bá fẹ́ mọ ẹni tó ni orúkọ, WHOIS, àkọsílẹ̀ gbangba nípa àwọn tó ni orúkọ, á kó í-meèlì àti nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún síta. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2018, tí GDPR, òfin àwọn ará Yúróòpù lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti bo gbogbo ìyẹn mọ́lẹ̀. RDAP tó gbapò WHOIS lọ́dún 2025 náà kò ṣí i padà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sójú orúkọ náà fúnra rẹ̀ pé títà ni, olùrà tó mówó lọ́wọ́ lè wá yín títí kó má rí yín.

Afternic, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta orúkọ ìkànnì, ni mo lò jù. GoDaddy, ilé-iṣẹ́ tó ń fi orúkọ sílẹ̀ fún èèyàn, ló ni ín, láti ọdún 2013. Ẹ ó kó àwọn orúkọ yín síbẹ̀, ẹ ó dá iye lé wọn, ẹ ó sì yí nameserver wọn (ẹ̀rọ tó ń darí ẹni tó bá tẹ orúkọ náà síbi tó yẹ) sí ti Afternic. Bí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ náà á bá ojú ewé tó sọ pé títà ni, pẹ̀lú iye rẹ̀ àti ibi tó ti lè rà á. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ nameserver yìí o. Bó bá wà lọ́dọ̀ wọn, làádá wọn jẹ́ 15%. Bí kò bá sí níbẹ̀, 25% ni. Lórí orúkọ tí ẹ tà ní dọ́là 2,000, ọ̀kan mú 300 lọ, èkejì mú 500. Ìyàtọ̀ yẹn tóó san owó ọdọọdún lórí orúkọ .com púpọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n dúró tì wọ́n ni ètò wọn tó ń jẹ́ Fast Transfer. Bí ẹ bá dá iye gan-an lé orúkọ, tí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, orúkọ yín á máa jáde nínú àwárí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ta orúkọ. Ẹni tó wá orúkọ níbẹ̀ kò ní rí “ẹlòmíràn ti gbà á” nìkan. Á rí i pé òun lè san iye báyìí kí ó sì di tòun. Ojú ibẹ̀ gan-an ni olùrà wà. Ó ti mú káàdì ìsanwó rẹ̀ jáde, ó kàn fẹ́ orúkọ ni. Kò sí í-meèlì kankan tí ẹ lè kọ tó máa bá èèyàn lásìkò tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúkọ kan. Ọ̀rọ̀ méjì ni, .com, ó jẹ mọ́ àtúnṣe òrùlé ilé. Mo kọ́kọ́ gbé e síta láìdá iye lé e, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ sọ iye tó máa san. Ẹni tó wá á ní dọ́là 50, ẹlòmíràn á ní 100. Bí mo bá dáhùn pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn á dákẹ́. Nígbà tó yá mo yọ ìyẹn kúrò, mo kọ iye tí mo máa gbà sójú rẹ̀ gbangba. Ẹnì kan rà á láìbá mi sọ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn tó gbé ìkànnì rẹ̀ síbẹ̀ ni mo tó rí i pé ilé-iṣẹ́ òrùlé ni, àti pé orúkọ kan náà ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú dáàṣì láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó ti fẹ́ orúkọ yìí tipẹ́. Ọjà tí kò ní iye lórí ló ń lé irú wọn sá, torí wọ́n rò pé ẹni tó ni ín fẹ́ kọ́kọ́ wo bí àpò wọn ṣe wúwo tó kó tó sọ̀rọ̀.

Nípa iye tí ẹ máa dá lé e, NameBio ni kí ẹ lọ wò. Ibẹ̀ lẹ ti lè rí iye tí wọ́n ta àwọn orúkọ tó jọ tiyín, àti ọdún tí wọ́n tà á. Kì í ṣe gbogbo títà ló ń dé ibẹ̀, torí ọ̀pọ̀ olùrà kì í fẹ́ kí ayé gbọ́, síbẹ̀ ó sàn ju àwọn ẹ̀rọ tó ń díye lé orúkọ fúnra wọn lọ. Mo ti rí i tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dá ẹgbẹ̀rún dọ́là lé orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè pè tán. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹ má fi Voice.com wọn tiyín. Lóòótọ́ ni ilé-iṣẹ́ MicroStrategy tà á fún ilé-iṣẹ́ Block.one ní mílíọ̀nù 30 dọ́là lọ́dún 2019, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ẹni tó rà á sì lówó rẹpẹtẹ.

Sedo, ọjà orúkọ mìíràn tó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Köln ní Jámánì, ni mo máa ń kó orúkọ tó jẹ mọ́ Yúróòpù sí, pàápàá .de, ti Jámánì. Àwọn olùrà ibẹ̀ mọ̀ wọ́n, ojú ewé wọn sì ń sọ èdè tó ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìdúnàádúrà rọrùn níbẹ̀ fún ẹni tó nífẹ̀ẹ́ sí i. Ní ti .com lásán, mi ò rí ohun tí wọ́n fi ju Afternic lọ. Àwọn tó ṣì ń bèèrè Dan.com, tó jẹ́ ọjà orúkọ bíi tiwọn, GoDaddy rà á lọ́dún 2022, wọ́n sì ti kó o wọnú Afternic. Ó dùn mí, torí làádá rẹ̀ kéré, ojú ewé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní.

Ṣé kí ẹ wá kọ̀wé sí olùrà fúnra yín? Ó dára, bí ẹ bá mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ sí. Ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó ń lo orúkọ kan náà pẹ̀lú dáàṣì, tàbí tó fi ọ̀rọ̀ kẹta kún un nítorí pé èyí tó kúrú ti lọ. Ẹ wo àwọn tó ń san owó ìpolówó lórí Google fún ọ̀rọ̀ inú orúkọ yín. Ẹ kọ ọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo, kó kúrú: “Ẹ ǹlẹ́ o. Èmi ni mo ni orúkọ yìí, mo sì fẹ́ tà á. Mo rí i pé orúkọ tí ẹ ń lò fi díẹ̀ gùn jù ú lọ. Iye rẹ̀ wà lójú ewé orúkọ náà, ẹ lè rà á níbẹ̀.” Ó parí. Àwọn tó ń rọ̀jò í-meèlì sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ba ọjà jẹ́ fún gbogbo wa, wọ́n sì ń jẹ́ kí í-meèlì tiwọn fúnra wọn máa wọ inú àpótí ìdọ̀tí.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí orúkọ yín bá jọ àmì ìṣòwò ilé-iṣẹ́ kan, ẹ má ṣe kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n wá rà á. Lábẹ́ UDRP, ìlànà lórí aáwọ̀ orúkọ tí ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì lágbàáyé, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1999, bí ẹ bá gba orúkọ kí ẹ lè tà á ní owó gọbọi fún ẹni tó ni àmì ìṣòwò, ẹ̀rí pé ẹ fi èrò burúkú gbà á ni. Lẹ́tà yín gan-an ni wọ́n máa mú lọ síwájú WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ á lọ, ẹ ò sì ní rí kọ́bọ̀.

Àwọn oníjìbìtì náà wà níbẹ̀ o. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi pé òun fẹ́ ra orúkọ mi ní owó tó ju iye tí mo kọ sójú rẹ̀ lọ. Èyí nìkan ti tó kí ara fu èèyàn. Nígbà tí mo dáhùn, ó ní ọ̀gá òun fẹ́ ìwé tó jẹ́rìí sí iye orúkọ náà, ó sì dárúkọ ìkànnì tí mo ti gbọ́dọ̀ rà á. Gbájúẹ̀ àtijọ́ ni. Owó ìwé ẹ̀rí yẹn ni wọ́n ń wá, kò sí olùrà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Olùrà tòótọ́ kì í rán olùtà lọ ra ohunkóhun.

Bí olùrà bá bá mi sọ̀rọ̀ tààrà, Escrow.com, alárinà tó ń di owó mú títí ọjà á fi tẹ olùrà lọ́wọ́, ni mo máa ń ní ká lò. Ẹ ó jọ fẹnu kò lórí iye àti lórí ẹni tó máa san owó alárinà. Olùrà á san owó sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á sọ fún yín pé ó ti dé, ìgbà yẹn lẹ tó máa tú orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí olùrà bá jẹ́rìí pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́, wọ́n á san owó yín. Ẹ má tẹ líǹkì inú í-meèlì tó ní owó ti dé. Ẹ tẹ escrow.com fúnra yín, kí ẹ wọlé, kí ẹ fojú yín rí i.

Bí ẹ̀yin àti olùrà bá ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, orúkọ lè bọ́ láti àkáǹtì kan sí èkejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó nílò auth code (kóòdù tí olùrà máa fi gbé orúkọ náà lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀), ó sì lè gba ọjọ́ márùn-ún. Ẹ tún sọ fún olùrà ṣáájú bí orúkọ kò bá tíì pé ọjọ́ 60 tí ẹ gbà á, torí ICANN fún àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti má jẹ́ kó kúrò.

Ẹ lè gbé orúkọ kan sí Afternic àti Sedo lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kí iye rẹ̀ má yàtọ̀ ní ibì kankan. Bó bá sì ti tà níbì kan, ẹ yọ ọ́ kúrò níbi kejì lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà sanwó ohun tí kò sí lọ́wọ́ yín mọ́.