Máòsì aláìníwáyà tí mo rà l'Ákùúrẹ́, àti ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lójú dúdú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Sátidé tó kọjá mo wọ takisí láti South Gate FUTA lọ sójú ọ̀nà Ọba Adésidà, máòsì lọ́wọ́ kan, rísíìtì lọ́wọ́ kejì, torí mo ti pinnu pé wọ́n máa dá ₦8,500 mi padà lọ́jọ́ náà. Máòsì aláìníwáyà ni, èyí tó ní nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò USB, gbogbo wa la mọ irú ẹ̀.

Debian 12 ni mò ń lò, irú Linux kan tí mo fi rọ́pò Windows. Tí mo bá wà lójú àwòrán, níbi tí Firefox àtàwọn nǹkan aláwọ̀ wà, máòsì yìí ń lọ geere. Àmọ́ tí mo bá ti tẹ Ctrl+Alt+F3 bọ́ sójú dúdú báyìí, níbi tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló ń hàn téèyàn ń tẹ àṣẹ sí, ó kú nìyẹn, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ ihò, òfo. Ojú dúdú yẹn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ jù, orúkọ fáìlì á wà níbẹ̀ tó gùn bí àkàsọ̀ òkè Ìdànrè, mi ò lè máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Máòsì mi àtijọ́ ń ṣe é dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù mi tó bàjẹ́, kí ni mi ò bá rò ju pé ọjà tuntun yìí ni ò dáa?

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù gbà á, ó kì í bọ Windows tiẹ̀, ọfà ń rìn, ó wá yíjú sáwọn oníbàárà pé "ẹ̀yin náà ẹ wò ó o." Mo ní ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbé láptọ́ọ̀pù tèmi jáde kẹ́ ẹ rí ohun tí mò ń sọ. Kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní "Ọjà mi ò ní nǹkan kan, àwọn tó ń lo nǹkan tí gbogbo ayé ò lò ló máa ń dààmú èèyàn." Èmi tí mo ti ń ra ìnkì lọ́wọ́ ẹ̀ láti ọdún mẹ́ta! Owó ọ̀hún ò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn níwájú èrò. Mo kó ẹrù mi, mo jáde láìdágbére.

Mo ti ń dá takisí dúró nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sáré bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé gpm wà lórí ẹ̀rọ yín?" Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ o, ó ní ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá tó ń ta kádì, ó là á yé mi: lójú àwòrán, ètò kan tó ń jẹ́ libinput ló ń gbọ́ ohun tí máòsì ń sọ, lójú dúdú kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ àfi tí ètò kékeré tó ń jẹ́ gpm bá wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá mi ṣe ẹ̀rọ àtijọ́ ló ti fi sí i tí mi ò mọ̀. Máòsì ò ṣẹ̀ rárá!

Dátà tiẹ̀ ló fi ṣe hotspot fún mi. Mo tẹ sudo apt install gpm, a ṣí fáìlì ètò ẹ̀, /etc/gpm.conf, wò, device=/dev/input/mice, type=exps2, ó ní bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn. Mo bi í pé ṣé kò ní bá ti ojú àwòrán jà, torí mo ti ka ìtọ́sọ́nà àtijọ́ kan tó ní kí n darí X, ètò tó ń gbé ojú àwòrán jáde, lọ sí /dev/gpmdata kó lè máa gba ọ̀rọ̀ máòsì lọ́wọ́ gpm. Ó ní ti ayé ọjọ́un nìyẹn, látìgbà tí kernel 2.6, ìyẹn ọkàn Linux, ti dé lọ́dún 2003 àwọn méjèèjì lè jọ máa ka máòsì kan náà. Ctrl+Alt+F3. Mo gbọ́wọ́ lé e, búlọ́ọ̀kù kékeré kan yọ lójú dúdú, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi! Mo pariwo débi pé ìyá oníkádì ní kí ló dé.

Bọ́tìnì òsì ni mo fi ń yan ọ̀rọ̀ báyìí, màá tẹ àárín, á jáde síbi tí mo fẹ́. Àárín yẹn gan-an le jù, táyà ẹ̀ máa ń yí tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ìdérí bátìrì náà ń mì. Ẹ tún mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ bá yàn lójú dúdú ò ní bọ́ sínú Firefox o, gpm ní àpò tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Mo fún ọmọ yẹn ní ₦1,000, kò gbà á, ó ní kí n ṣáà má ba ọ̀gá òun lórúkọ jẹ́, ìdí tí mi ò fi dárúkọ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Mi ò tíì dárí ji ọ̀gá yẹn, ibòmíì ni màá ti máa ra ìnkì. Máòsì fúnra ẹ̀, 3 ló tọ́ sí i.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5.