Àwo Orin Suede Mẹ́ta, 1993 sí 1996: Èwo Ni Kí Olùrà Kọ́kọ́ Mú?

Ẹni tó bá fẹ́ ra àwo orin Suede, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, yóò bá mẹ́ta pàdé lórí àtẹ ṣáájú àwọn yòókù: Suede (1993), Dog Man Star (1994) àti Coming Up (1996). Ilé-iṣẹ́ Nude Records ló gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, Ed Buller ló darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn, Brett Anderson ló sì ń kọrin nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, wọn kò jọra, nítorí pé ọwọ́ tó ń ta gìtá yàtọ̀. Bernard Butler ló ta gìtá nínú méjì àkọ́kọ́. Richard Oakes, ọmọ ọdún 17 péré nígbà tí wọ́n gbà á sínú ẹgbẹ́ lọ́dún 1994, ló ta á nínú ẹ̀kẹta.

Àwo àkọ́kọ́ yẹ ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó mú kí orúkọ wọn gba ìlú kan. Ó bọ́ sí ipò kìíní ní Bìrìtéènì, ó sì gba ẹ̀bùn Mercury, èyí tí wọ́n ń fún àwo tó dára jù lọ́dún níbẹ̀, lọ́dún kan náà. Ní àkókò tí rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà ń jayé lórí rédíò ibẹ̀, Anderson fi ohùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an kọrin, ó sì gbé ìṣe orin glam, rọ́ọ̀kì tó kún fún aṣọ dídán àti àṣehàn, tí olórin Gẹ̀ẹ́sì David Bowie fi lókìkí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 padà wá. Ẹ gbọ́ “The Drowners”: ìlù nìkan ló kọ́kọ́ wọlé, kí gìtá Butler tó já lé e lórí, ó nípọn, ó sì ń yangàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ìró gìtá gorí ara wọn jù níbòmíràn, débi pé ìlù àti béèsì a máa rì sábẹ́ wọn.

Coming Up ló rọrùn jù láti fẹ́ràn. Orin mẹ́wàá ni, gbogbo rẹ̀ kò sì ju bí ìṣẹ́jú 43 lọ. Márùn-ún nínú wọn, “Trash”, “Beautiful Ones”, “Saturday Night”, “Lazy” àti “Filmstar”, ló wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì nígbà tí wọ́n dá wọn gbé jáde. Ẹni tó ń wá orin tí yóò máa bá a lọ nínú ọkọ̀, tàbí tí yóò mú àlejò dìde jó, kó má wò síbòmíràn. Àmọ́ nígbà tí gbogbo ègbè rẹ̀ bá ti mọ́ni lẹ́nu, ìwọ̀nba ló kù tí èèyàn tún lè wá rí nínú rẹ̀.

Ní tèmi, Dog Man Star ni kí ẹni tó ní owó àwo kan ṣoṣo rà. Mo mọ̀ pé kì í yá ọ̀pọ̀ èèyàn lára nígbà àkọ́gbọ́: ó gùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 58, ó ṣókùnkùn, kò sì kọjá ipò kẹta nígbà tó jáde. Àríyànjiyàn lórí bí Buller ṣe ń darí iṣẹ́ náà le débi pé Butler kúrò nínú ẹgbẹ́ kí àwo náà tó parí. Ìfàgbára-fà yẹn hàn sétí. Nínú “The Asphalt World”, tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, orin náà rọra ń lọ bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ, àfìgbà tí Anderson dákẹ́, tí Butler sì gba iwájú, tó ń fi gìtá sọ gbogbo ohun tí ẹnu kò lè sọ. “Still Life” ló tẹ̀ lé e, òkèstrà ńlá sì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Nínú àwo yìí kan náà, “The Wild Ones” wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ adùn lásán, orin ìfẹ́ tó mọ́ gaara. Ẹ má gbọ́ ọ ní àgbọ́pín; ẹ jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní ti irú èyí tí a ó rà, àtúntẹ̀ ọdún 2011 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Edsel kún dáadáa: síídì méjì àti DVD kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọn orin tó wà lẹ́yìn síńgù (orin tí wọ́n dá gbé jáde) ìgbà náà. Ẹni tó bá ra síídì lásán kó fi Sci-Fi Lullabies (1997), àkójọ àwọn orin ẹ̀yìn síńgù wọn, kún un, nítorí ibẹ̀ ni “My Insatiable One” àti “Killing of a Flash Boy” wà, orin méjì tí ì bá gbé àwo èyíkéyìí ga. Kí ẹni tó ń rajà ní Amẹ́ríkà wá “The London Suede” lára páálí, torí pé olórin mìíràn ti ń jẹ́ Suede níbẹ̀ ṣáájú wọn, tí ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́.