Ẹ ṣọ́ra fún bearing "tuntun" tí wọ́n fi gíríìsì bò lójú

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń wa jíìpù àtijọ́, bí ẹ bá ń múra láti pààrọ̀ bearing ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn òrùka irin méjì tí róólà wà láàárín wọn, tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan wà tó ń ta àlòkù bearing bíi tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń fi sánpépà ha ojú wọn, ó ń fi gíríìsì bò wọ́n, ó wá ń kó wọn sínú páálí tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ Jàpáànù kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Mo ra tirẹ̀. Mo dè é mọ́ ọkọ̀ tí ìyàwó mi fi ń gbé àwọn ọmọ. Orúkọ tó ń jẹ́ kò lè ṣe yín láǹfààní, nítorí ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni pààrọ̀ aṣọ. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí mi ò rò pé òun nìkan ló wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Land Cruiser 80 ni mo ń wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá sáré, ohùn náà á ga. Bí mo bá rọra, á lọ sílẹ̀. Bí mo bá yà sí òsì tí ẹrù ọkọ̀ ṣubú lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, á le sí i. Mo fi jáàkì gbé e sókè, mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì ín, ó ń yẹ̀. Mo ní kí ọmọ mi tẹ bíréèkì kó má fi sílẹ̀, mo tún mì ín, kò yẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló fi hàn mí pé bearing hub, irin tí wọ́n ń de táyà mọ́, ló ti lọ. Ẹ má fojú kéré ìdánwò bíréèkì yìí o. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí táyà ṣì ń yẹ̀, hub kọ́ ni àìsàn wà, oríkèé tí ẹsẹ̀ fi ń yà sọ́tùn-ún sósì ni, bearing tirẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Àwọn kan ti pààrọ̀ bearing hub lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tó jẹ́ pé oríkèé yẹn ló ń pariwo ìrànlọ́wọ́.

Mo wá ẹni tó ń tà á. Ẹrù rẹ̀ pé: bearing inú àti ti òde fún ẹsẹ̀ méjèèjì, síìlì, wáṣà tí wọ́n ń tẹ̀ létí, àti gíríìsì. Ó ń dáhùn kíákíá, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń béèrè àlàáfíà ilé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ya àwòrán bearing náà láìsí ọ̀rá náílọ́ọ̀nù lára rẹ̀ kí n lè ka nọ́ńbà tó wà lára irin. Páálí ló yà ránṣẹ́. Mo tún béèrè, ó ní bí òun bá já ọ̀rá rẹ̀, kò ní jẹ́ tuntun mọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa rà á. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí bí ọ̀rọ̀ olóòótọ́, mo sanwó. Mo ń sọ fún yín pé ibẹ̀ ni kí ẹ ti padà lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹrù dé, mo já ọ̀rá àkọ́kọ́, mo bá bearing tí gíríìsì ti bò mọ́lẹ̀ pátá. Inú mi tiẹ̀ dùn pé wọ́n ti bá mi ṣe apá kan iṣẹ́ náà. Ohun tí mi ò rò nígbà yẹn nìyí: bearing irú èyí, tó jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òrùka inú àti òrùka òde rẹ̀, kì í ti ilé iṣẹ́ dé pẹ̀lú gíríìsì nínú. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kó dógùn-ún ló máa ń wà lára rẹ̀, irin á máa dán lábẹ́ epo náà, ẹ ó sì lè ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹni tó bá fi gíríìsì kún un kó tó tà á ní ohun kan tó fẹ́ fi pamọ́.

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fúnra mi fún ìgbà pípẹ́, mo sì ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń kùn nìkan ni mo tú lọ́jọ́ náà, mo fi ti òsì pamọ́ sínú páálí di ọjọ́ mìíràn. Ẹ rántí ìyẹn, nítorí òun ló gbà mí sílẹ̀ níkẹyìn. Mo fi ọ̀pá idẹ lu òrùka òde àtijọ́ jáde, mo nu inú hub mọ́, mo lu tuntun wọlé. Ti bearing inú le bó ṣe yẹ kó le. Ti bearing òde, àtàǹpàkò mi ni mo fi tì í tó wọlé. Òrùka òde gbọ́dọ̀ fún mọ́ inú hub débi pé ẹ ó fi nǹkan lù ú kó tó jókòó. Bó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, yálà inú hub ti jẹ, tàbí òrùka náà kéré ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Mo wo inú hub, kò sí ibi tó ti jẹ. Síbẹ̀ mo ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n sì fẹ́ lo ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Mo wá dé orí fífún un, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Láti ọdún 1898 tí Henry Timken ti gba ìwé àṣẹ irú bearing yìí ní Amẹ́ríkà, èyí tí róólà rẹ̀ tóbi lápá kan tó sì tín-ín-rín lápá kejì, iṣẹ́ àfọwọ́ṣe ni ìfún rẹ̀. Nínú àwọn jíìpù wa àtijọ́, ẹni tó bá dè é ló máa pinnu bó ṣe máa le tó. Bó bá dẹ̀ jù, táyà á máa yẹ̀, róólà á máa gbá ojú òrùka. Bó bá le jù, á gbóná, gíríìsì á jó, irin á lẹ̀ mọ́ irin. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí bearing tí wọ́n tà fún yín bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ kan ti wà lẹ́nu ẹni tó tà á: "Ẹ̀yin lẹ ò fún un dáadáa." Ibẹ̀ gan-an ni oníjìbìtì yìí sá pamọ́ sí.

Ohun tí mo ṣe rèé, kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí fún ara yín. Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 mm àti sípánà olóǹkà fún nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ dé 59 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì), mo ń yí hub bí mo ṣe ń fún un kí róólà lè jókòó. Mo tú nọ́ọ̀tì náà padà títí ọwọ́ lásán fi lè yí i. Mo tún rọra fún un, mo wá fi ìwọ̀n oníkọ́ kọ́ bóòtù táyà kan, mo fà á. Fún Land Cruiser 80, agbára tó yẹ kó mú hub bẹ̀rẹ̀ sí í yí wà láàárín 28 sí 56 N, ìyẹn nǹkan bíi kílò 2.9 sí 5.7 lójú ìwọ̀n. Mo fi wáṣà sí i, mo fún nọ́ọ̀tì kejì dé 64 Nm, mo tún fi ìwọ̀n fà á, nítorí nọ́ọ̀tì kejì yìí máa ń yí ìfún àkọ́kọ́ padà nígbà tó bá tì í. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń kùnà: wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọn ò wọ̀n ọ́n mọ́. Ìwọ̀n fi kílò mẹ́rin hàn. Mo ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ etí wáṣà kan sínú sórí nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, tí mo tẹ òmíràn síta sórí nọ́ọ̀tì kejì. Etí tí mo tẹ̀ sínú ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí igi gbígbẹ. Wáṣà àtijọ́ tí mo yọ ló sàn jù ú lọ, òun ni mo nà tí mo dá padà.

Kò tó 900 kìlómítà tí ìkùn náà fi padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo dúró, mo fi ọwọ́ kan hub ọ̀tún, mi ò lè fi ọwọ́ síbẹ̀. Ti òsì, tí bearing àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo rọra wà á délé, mo tú u lọ́jọ́ náà.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ìdáhùn rẹ̀ dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fún un jù." Mo fi àwòrán ìwọ̀n ránṣẹ́ sí i. Ó ní àwòrán kì í ṣe ẹ̀rí. Mo wá rántí páálí ti ẹsẹ̀ òsì tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo gbé e jáde, mo já ọ̀rá rẹ̀, mo fi kẹrosíìnì fọ gíríìsì ara rẹ̀ kúrò, mo fi àkísà funfun nù ún, mo gbé e sójú oòrùn. Ẹ̀yin ará, àyà mi já.

Ihò kéékèèké wà lójú òrùka òde bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ti bá jà. Ìlà sánpépà gba orí àwọn ihò náà kọjá, dúdú àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ wọn, èyí tó fi hàn pé ihò ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ha á. Inú òrùka inú ti dán níbi tó ti ń yí lórí ọ̀pá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àgò tó kó àwọn róólà pọ̀ ti tẹ̀ lápá kan, bí ohun tí wọ́n fi ṣísù yọ. Orúkọ tó wà lára òrùka inú yàtọ̀ sí ti òrùka òde, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti páálí. Bearing tí kò tíì wọ ọkọ̀ mi rárá rèé! Ta ló wá fún un jù?

Mo fi wé èyí tí mo tú. Bearing tó bàjẹ́ nítorí àfúnjù máa ń ní àwọ̀ búlúù tàbí ti ilẹ̀ jíjó lára róólà, orí róólà níbi tó tóbi á ha, gíríìsì á dúdú bí èédú. Tèmi kò ní àwọ̀ kankan. Ohun tó ní ni ihò, irú èyí tó wà lára ti inú páálí gẹ́lẹ́, wọ́n kàn ti jinlẹ̀ sí i. Òrùka òde tí mo fi àtàǹpàkò tì wọlé sì ti ń yí nínú hub, òun ló dá ooru sílẹ̀. Mo ya gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ọkùnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kẹta mo rí àwòrán páálí kan náà lábẹ́ orúkọ mìíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó, kó ka nọ́ńbà lára irin, kó má kà á lára páálí. Bí àpẹẹrẹ, lórí ọ̀pọ̀ Land Rover Defender, LM603049 ló máa ń wà lára òrùka inú, LM603011 lára ti òde. Fífẹ̀ LM603011 láti etí òde kan dé etí òde kejì jẹ́ 77.788 mm, bí kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀, bá fi ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ hàn, ó máa mì nínú hub bí tèmi. Ẹ wo bóyá ìlà kankan gba orí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí irin. Ẹ gbé òrùka inú sétí, ẹ yí i: tuntun máa ń lọ geere láìdún, àlòkù á máa wí tirẹ̀. Ẹ tẹ etí wáṣà díẹ̀, bó bá ṣẹ́, ẹ fi gbogbo ẹrù náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bearing náà mọ̀ pé ayédèrú pọ̀. SKF ní áàpù tó ń jẹ́ SKF Authenticate, ẹ ó ya àwòrán bearing àti páálí, àwọn tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ á wò ó. Schaeffler ti Jámánì náà ní OriginCheck, tó ń ka àmì onígun mẹ́rin tó wà lára páálí. Mo fẹ́ràn èyí tí ènìyàn fi ojú wò ju èyí tó ń ka àmì nìkan lọ, nítorí páálí tó jẹ́ ojúlówó lè ní àlòkù nínú.

Ẹni tó ta èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi báyìí jẹ́ kí n já ọ̀rá, kí n ka nọ́ńbà, kí n fi kálípà wọ̀n ọ́n kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tún ìfún rẹ̀ wò lẹ́yìn 500 kìlómítà, ó ṣì wà níbi tí mo fi sí.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ra bearing tí gíríìsì bò nínú ọ̀rá láìpẹ́ yìí, tó sì ti dè é, ẹ má gbé e rìn ọ̀nà jíjìn mọ́. Bí bearing iwájú bá já tán, òrùka inú lè lẹ̀ mọ́ ọ̀pá kó sì ya nọ́ọ̀tì dànù, gbogbo hub àti táyà á sì jáde lórí eré. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè lónìí, ẹ mì ín, ẹ yí i, ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Bí èyí tí ẹ kò tíì lò bá ṣì wà nínú páálí, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ kí ẹ tó bá ẹni tó tà á sọ ohunkóhun.