Casio fx-991ES PLUS fún iṣẹ́ phasor: bí mo ṣe rí i

Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná ní Ìlọrin, yálà ní Pólì tàbí ní Yunifásítì, tó sì ti dé ibi tí wọ́n ti ń fi phasor (nọ́ńbà kan tó ń sọ bí ìgbì iná ṣe tóbi tó àti igun rẹ̀) tú sákíìtì AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀), ẹ̀rọ ìṣirò yìí ni màá ní kó rà. Kì í ṣe torí ẹwà. Ibi kan ṣoṣo ló mú mi fẹ́ràn ẹ̀: MODE, lẹ́yìn náà 2, CMPLX, ìyẹn ibi tó ti ń ṣírò nọ́ńbà alápá méjì (complex number).

Iná AC tiwa ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (50 Hz). Bí èèyàn bá ní òun fẹ́ fi kálíkúlọ́ọ̀sì tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọn lọ́wọ́. Charles Steinmetz ló la ọ̀nà àbùjá fún àwọn onímọ̀ iná ní 1893: tí gbogbo ìgbì inú sákíìtì bá ti ń sáré bákan náà, ohun méjì péré la nílò nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tóbi tó àti igun tó fi ṣáájú tàbí tó fi rẹ̀yìn. Nọ́ńbà kan tó lápá méjì á gbé méjèèjì; òun ni phasor. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé tí a bá fẹ́ ro wọ́n pọ̀, a + jb (i ni ẹ̀rọ yìí ń kọ dípò j) ló rọrùn; tí a bá fẹ́ pín wọn, ti onígun, r∠θ (bó ṣe tóbi tó àti igun rẹ̀), ló yá. Pààrọ̀ síbí, pààrọ̀ sọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni àkókò ìdánwò ṣe ń tán.

Ẹ wo èyí: fóltì 230, 50 Hz, rẹsísítọ̀ óòmù 40, kọ́ìlì 0.2 H àti kapásítọ̀ 100 µF, gbogbo wọn lórí ìlà kan. Kọ́ìlì mú óòmù 62.83 wá, kapásítọ̀ yọ 31.83 níbẹ̀, ó ku 31. Mo tẹ 230 ÷ (40 + 31i), mo tẹ SHIFT 2, mo mú r∠θ, ó gbé 4.545∠−37.8 jáde. Áńpù mẹ́rin ààbọ̀ lé díẹ̀, tó fi nǹkan bíi dìgírì 38 rẹ̀yìn fóltì. Ibi tó wá dùn mọ́ mi ni ìgbà tí mo sọ ọ́ di ìlọ́po 62.83i láti mọ fóltì orí kọ́ìlì: 285.6∠52.2. Ó ju 230 tí a fi sínú ẹ̀ lọ! Ti rẹsísítọ̀ jẹ́ 181.8, ti kapásítọ̀ jẹ́ 144.7. Ẹni tó bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ bí ẹni ń ṣírò owó ọjà á rí 612. Ẹ ro wọ́n pọ̀ tìgun-tìgun, 230 gan-an lẹ máa bá níbẹ̀.

Ó níbi tó kù sí o. EQN, tó ń tú ìdọ́gba, kì í gba nọ́ńbà tó ní lẹ́tà i nínú. Sákíìtì onílúùpù méjì, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe determinant rẹ̀ (nọ́ńbà tí a fi ń tú ìdọ́gba méjèèjì). Èmi máa ń tọ́jú impedance (ìdènà sí iná AC) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú A, B, C àti D, màá wá tẹ AD − BC. Lúùpù mẹ́ta? Ẹ mú bébà dání.

Kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan swíìṣì, tí gbogbo nǹkan ṣì ń dà rú, kò sí nínú phasor. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti rọlẹ̀ tán ló ń sọ. Tí orísun kan bá jẹ́ 50 Hz, tí èkejì jẹ́ 150 Hz, ẹ̀rọ yìí á ro phasor wọn pọ̀ fún yín láìjanpata, ìdáhùn náà ò sì ní já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ là ń tú wọn, ká tó wá da ìgbì wọn pọ̀. D (dìgírì) tàbí R (rédíánì) tó wà lókè ojú ẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ igun kankan.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Ní ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè Post Office, Àlááji tó ń tà á ní, "Ọmọ mi, ìkan náà ni gbogbo wọn." Mo ní, "Ẹ máà bínú sà, ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ wò ná." Mo fẹ́ wọ CMPLX, kó sọ 3 + 4i di r∠θ, ojúlówó á sọ 5∠53.13010235. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ò tiẹ̀ ní CMPLX nínú. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sábẹ́ káńtà, wọ́n mú òmíràn jáde.

Ìmọ́lẹ̀ àti bátìrì LR44 ló ń lò, nítorí náà bí iná bá lọ ní Òkè-Odò, iṣẹ́ ò dúró.

Nílé, fún lúùpù tó pọ̀, GNU Octave, ètò ìṣirò kan lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, nọ́ńbà tó ní lẹ́tà i nínú kì í sì í dí i lọ́wọ́. Àmọ́ ta ló máa gbé kọ̀ǹpútà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò? Eléyìí kì í ṣe irú èyí tí a lè kọ ètò sínú ẹ̀, ìyẹn ni wọn kì í sábà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Síbẹ̀, ẹ bi olùkọ́ yín kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.