Glossy, matt tàbí UV: àgbéyẹ̀wò ohun ìbojú fún páálí òrí, ọṣẹ dúdú àti ìpara

Páálí òrí lè máa dán gbinrin lórí tábìlì atẹ̀wé, kó tó lo oṣù méjì ní ìsọ̀ l'Ọjà Ọba kó ti dà bí aṣọ ìnulẹ̀. Ẹ̀bi yíǹkì kọ́ nígbà púpọ̀. Ohun tí wọ́n fi bo ojú páálí náà ni kò bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Òrí ń yọ́, ọṣẹ dúdú ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, àdín ń wá ọ̀nà jáde, ọwọ́ ẹni tó ń tà á náà sì ti lóròóró láti àárọ̀.

Ohun ìbojú márùn-ún tí atẹ̀wé sábà máa ń fi lọ oníbàárà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà la gbé yẹ̀ wò: lámínéṣọ̀n glossy (èyí tó ń dán), lámínéṣọ̀n matt (èyí tí kì í dán), soft touch (èyí tó rọ̀ lọ́wọ́), UV àti fáníìṣì olómi. Páálí kan náà la lò fún gbogbo wọn, art card (páálí funfun tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀) tó wúwo tó gíráàmù 300 ní mítà onígun mẹ́rin kan, pẹ̀lú àwòrán kan náà. Àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn la fi kún gbogbo ojú rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ tó ṣókùnkùn ló ń tú àṣírí ohun ìbojú. Lórí funfun, kò sí èyí tí kò ní dára lójú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí oríṣi kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni lámínéṣọ̀n. Èyí tí ẹ̀rọ kéékèèké ń lò sábà máa ń nípọn tó 25 sí 30 máíkírọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà ni máíkírọ̀nù kan) pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ a sì gbóná tó 90 sí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Omi ni UV. Iná UV, ìyẹn ìtànṣán ultraviolet, ló ń sọ ọ́ di líle, kì í sì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Fáníìṣì olómi funfun bíi mílíìkì kí ó tó gbẹ, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló sì ń gbẹ ẹ́. Ọ̀rá máa ń bo gbogbo ojú páálí pátá, kò mọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó yọ sílẹ̀. UV àti fáníìṣì ní tiwọn ṣeé yọ àyè fún. Ìyàtọ̀ yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ páálí àti ẹni tó ń tẹ déètì.

Fún òrí àti àdín, lámínéṣọ̀n glossy ló borí. A yọ́ ìdajì ṣíbí kékeré òrí sórí rẹ̀, a fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, a fi òwú nù ún. Kò sí àbàwọ́n, kò sí ibi tó wú. Bí ọwọ́ olóròóró bá gbá a mú, àmì ìka á hàn, ṣùgbọ́n aṣọ gbígbẹ kan ń mú un kúrò. Àléébù rẹ̀ méjì ni. Ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà débi pé lẹ́tà wínníwínní kò ṣeé kà lábẹ́ gílóòbù ìsọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àkọsílẹ̀ èròjà kéré ju bí ojú àgbàlagbà ṣe lè kà lọ. Èkejì ni àwọn tótòtó fàdákà tó máa ń wà lábẹ́ ọ̀rá lórí àwọ̀ tó ṣókùnkùn. Afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ni. Lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń wọ́n sáàárín ìwé kí yíǹkì má baà lẹ̀ mọ́ra ló gbé ọ̀rá sókè. Kí atẹ̀wé nu lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, kó fi kún ìtẹ̀ àti ooru, kó sì dín eré ẹ̀rọ kù. Bí yíǹkì kò bá tíì gbẹ, gbogbo ìyẹn kò ní ràn án. Yíǹkì offset, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá, fẹ́ wákàtí 24, ó kéré tán, kó tó fara mọ́ ọ̀rá, 48 ló sì dára fún àwọ̀ tó nípọn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ dígítà tẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀: àwọn ẹ̀rọ kan máa ń fi òróró díẹ̀ sílẹ̀ lórí tónà, ọ̀rá lásán a sì ṣí bí ìgbà tí èèpo alùbọ́sà bá ń bó. Irú ọ̀rá tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wà fún ìyẹn, super stick ni àwọn atẹ̀wé ń pè é.

Lámínéṣọ̀n matt ni gbogbo ènìyàn ń béèrè báyìí, a sì mọ ìdí rẹ̀. Ó jẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń mú kí ọjà dà bí ohun olówó. Ṣùgbọ́n tí páálí yín bá dúdú, tàbí tó jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí búlúù tó ṣókùnkùn, ẹ dúró ná. Ojú matt rí wọ́ńwọ́ń ní ìwọ̀n tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó dán. Nígbà tí páálí bá ń ra ara wọn, wọ́ńwọ́ń yẹn a tẹ́, ibẹ̀ a sì máa dán. Ìlà tó ń dán náà kò ṣeé nù, nítorí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹrù tí wọ́n tẹ̀ ní Mókọ́lá n'Íbàdàn tàbí Ṣómólú l'Ékòó, tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ìlọrin nínú bọ́ọ̀sì, lè ti ra ara rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà kí ẹ tó ṣí katọ́ọ̀nù. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ẹ béèrè matt tí kì í họ, anti-scuff lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Owó rẹ̀ ju ti matt lásán lọ, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ di páálí mọ́ra gírígírí kí ó má lè mì, ẹ fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ kúkú yan àwọ̀ tó mọ́lẹ̀.

Soft touch rọ̀ lọ́wọ́ bí ara ọmọ jòjòló. Fún òrí, ẹ má lò ó rárá. Àmì ìka olóròóró kan ṣoṣo tí a fi sí i ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a fi òwú àti sípíríìtì nù ún. Ṣe ni ó kàn fẹ̀ sí i. Àpótí ẹ̀bùn ìgbéyàwó, tìróò, àtíkè, àwọn ohun gbígbẹ tí kì í kan òróró, ibẹ̀ ló yẹ ẹ́.

UV le, ó ń dán ju glossy lọ, omi ọṣẹ kò sì rí i gbé ṣe. Ọ̀tá rẹ̀ ni ibi tí páálí ti ṣẹ́. Nítorí pé ó le, kò lè nà, nígbà tí ẹ bá ká páálí, ojú rẹ̀ a là, funfun inú páálí a sì yọ síta ní gbogbo igun. Kí ẹni tó ń ya ìlà ìṣẹ́ má ṣe ya á tóóró jù: ìlọ́po 1.5 ìnípọn páálí, kí a fi ìnípọn irin tó ń tẹ̀ ẹ́ kún un, ni fífẹ̀ kòtò tí irin yóò wọ̀. Fún páálí tó nípọn 0.4 mílímítà pẹ̀lú irin 0.7, ìyẹn jẹ́ 1.3 mílímítà. Kí ìlà ìṣẹ́ tó gùn jù sì bá ìṣàn okùn páálí rìn. Ẹ ká páálí pélébé kan síhìn-ín, kí ẹ tún ká a sọ́hùn-ún. Ibi tó ti rọrùn láti ká ni okùn ń ṣàn sí.

UV tún ní òórùn bí iná tó sọ ọ́ di líle kò bá lágbára tó. Òróró máa ń gba òórùn sára, òrí àti ìpara kò sì yàtọ̀. Ẹ gé páálí náà ní ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi í sínú ìgò tó ní gíráàmù 20 òrí tí kò ní lọ́fínńdà, kí ó má kan òrí náà, ẹ dé e fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Bí òrí bá ń rùn bí ọ̀dà, ẹ dá iṣẹ́ náà padà.

Fáníìṣì olómi ni owó rẹ̀ kéré jù, kì í là níbi ìṣẹ́, gọ́ọ̀mù sì ń gbà á. Kò dára fún ọṣẹ dúdú. A pò gíráàmù márùn-ún ọṣẹ dúdú mọ́ mílílítà 100 omi, a kán an sí i. Kò pé wákàtí kan tí ojú rẹ̀ fi ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí àwọ̀ sì ń bá òwú lọ. Ìdí ni pé irú oje tí wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú fáníìṣì yìí, amóníà ló mú un yòrò nínú omi. Nígbà tí amóníà fẹ́ lọ ló tó gbẹ. Ọṣẹ dúdú ní ipá eérú (alkali) nínú, ipá náà sì ń mú oje yẹn yòrò padà. Àwọn yíǹkì kan pàápàá kò lè fara da ipá eérú. Búlúù tí wọ́n ń pè ní reflex blue wà lára wọn. Bí ẹ bá ń ta ọṣẹ dúdú, ẹ sọ fún atẹ̀wé pé yíǹkì tó lè dúró de ọṣẹ lẹ ń fẹ́.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò: gbogbo ohun ìbojú yìí, ìta ni wọ́n ń dáàbò bò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru Ìlọrin ń lé ní 35, òrí inú ike a di omi, a sì gba ẹnu ìdérí jáde sínú páálí. Páálí ẹ̀yìn eérú, èyí tí wọ́n ń pè ní duplex, a mu òróró náà bí ìgbà tí búrẹ́dì bá mu ọbẹ̀, àbàwọ́n a sì yọ sábẹ́ ọ̀rá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè nù ún. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra soft touch, ẹ fi ra ìlẹ̀mọ́nu tó ń dí ẹnu ike pa. Ọṣẹ tí kò sí nínú ike, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rá tàbí ìwé onída wé e.

Ó wá ku gọ́ọ̀mù àti déètì. Gọ́ọ̀mù funfun lásán kì í mú ọ̀rá, kì í sì í mú UV. Fún UV, kí wọ́n yọ mílímítà 12 sí 15 sílẹ̀ láìbò níbi etí tí wọ́n ń lẹ̀. Fún ọ̀rá tí kò ṣeé yọ, ẹ lo gọ́ọ̀mù gbígbóná tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún páálí onílámínéṣọ̀n, tàbí kí wọ́n fi ojú ọ̀bẹ dá ọ̀rá ibẹ̀ lára wẹ́wẹ́ kí gọ́ọ̀mù lè dé ara páálí. Bẹ́ẹ̀ náà ni déètì. NAFDAC fẹ́ kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà báàṣì, déètì tí wọ́n ṣe ọjà àti èyí tí yóò parí hàn lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ rọ́bà lórí glossy, àtàǹpàkò kan ló ń gbá a lọ. Yíǹkì tó ní sípíríìtì nínú ń gbìyànjú díẹ̀. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n tẹ déètì sórí sítíkà kékeré, tàbí kí irin tẹ̀ ẹ́ wọnú páálí.

Nígbà ọyẹ́, páálí tí wọ́n fi ọ̀rá bo ojú kan rẹ̀ nìkan a ká sí ẹ̀yìn. Omi ara páálí ń gbẹ, páálí ń súnkì, ọ̀rá kò súnkì. Nígbà òjò ó yí padà, a ká sí ìhà ọ̀rá. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ẹ fi ọ̀rá dì í títí di ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, kí ẹ sì gbé nǹkan tó wúwo lé e.

Lébẹ́ẹ̀lì ara ike kò fẹ́ àlàyé gígùn: sítíkà oníwèé kò dára fún ilé ìwẹ̀, onírọ́bà funfun tí wọ́n fi ọ̀rá tútù (èyí tí wọ́n ń lẹ̀ láìlo ooru) bò ni kí ẹ lò. Ẹ fi sípíríìtì nu ike kó tó gba sítíkà, ẹ gé igun sítíkà róbótó, kí ẹ fi mílímítà méjì sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ike, torí etí ni òróró ń gbà wọlé. Ẹ má sì gbà pé ọ̀rá ń dènà oòrùn. Àwọ̀ tó ń ṣá lórí àtẹ ní Ìpata, yíǹkì ló ń ṣá. Ọ̀rá lásán kì í dá oòrùn dúró.

Níti owó, fáníìṣì ló kéré jù. Glossy àti matt sún mọ́ra, matt fi díẹ̀ ga. UV dín owó kù nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, soft touch ló ga jù, UV olójú kan tí wọ́n ń fi sórí matt láti jẹ́ kí orúkọ nìkan dán sì ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé irú ọ̀rá tó ń gba UV ni wọ́n lò sábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ sẹ́lótéèpù á ká orúkọ náà kúrò.

Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ gba páálí márùn-ún. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọ̀kan kí ẹ já a lójijì. Ẹ ká èkejì pọ̀ tán kí ẹ wo igun rẹ̀. Ẹ fi aṣọ funfun ra ẹ̀kẹta lọ bọ̀ ní ìgbà 50. Ẹ kán òróró àti omi ọṣẹ sí ẹ̀kẹrin. Ẹ fi ẹ̀karùn-ún sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án kan. Ohun tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́: orúkọ ọ̀rá, ìnípọn rẹ̀ ní máíkírọ̀nù, ibi tí wọ́n máa yọ sílẹ̀, irú gọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin àti atẹ̀wé ẹ fọwọ́ sí páálí kan, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpòòwé tí oòrùn kò dé, òun ni ẹ máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù nígbà tó bá dé.