Kí ẹ tó wo ìnṣì, ẹ wo dúdú: àgbéyẹ̀wò tẹlifíṣọ̀n ńlá fún pálọ̀ l'Ékìtì

Ẹ pa iná pálọ̀, ẹ fa kọ́tìnnì dé, kí ẹ wá tan fíìmù tí wọ́n yà fún ilé sinimá sórí tẹlifíṣọ̀n ìnṣì 65. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ju ojú tẹlifíṣọ̀n lọ, nítorí náà ọ̀já dúdú méjì máa yọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ní gíga. Ọ̀já yẹn gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bó bá dú débi pé ẹ ò mọ ibi tí férémù tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti rí ọjà. Bó bá rí bí eérú, tí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì sì ń tàn bí ìgbà tí èèyàn tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ tó lè tún un ṣe.

Irú mẹ́ta la gbé yẹ̀wò nínú pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 12 l'Ádó-Èkìtì. Àkọ́kọ́ ni èyí tí panẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gbé àwòrán jáde, jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní IPS. Iná LED wà lẹ́yìn panẹ́ẹ̀lì náà, òun ló sì yẹ kó dí iná yẹn mọ́lẹ̀ níbi tí àwòrán bá ti dúdú, ṣùgbọ́n kì í lè dí i tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín funfun àti dúdú rẹ̀ kì í sábà ju bíi 1,000 sí 1 lọ. Ìkejì ni VA. Iná ẹ̀yìn lòun náà ń lò, àmọ́ ó ń dí i dáadáa. 3,000 sí 1 kì í nira fún un, òmíràn sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, OLED, kò ní iná ẹ̀yìn rárá. Ẹyọ kéékèèké tó ń gbé àwòrán jáde ló ń tan fúnra rẹ̀, bí ibi kan bá sì yẹ kó dúdú, ńṣe ni ẹyọ ibẹ̀ kú pátápátá.

Ẹ ò ní rí ìyàtọ̀ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù. Iná funfun tó wà lókè ibẹ̀ ti gba dúdú lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n á tún ti fi tẹlifíṣọ̀n sí ipò tí àwọ̀ ti ń pọ́n kọjá ààlà, wọ́n á máa fi òdòdó àti ẹja inú òkun hàn yín. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fi ojú ọjà rà á fi ń délé lálẹ́ tí inú rẹ̀ ò dùn mọ́.

Síbẹ̀, IPS ní ibi tó ti dára, ọ̀nà tí a ń gbà to àga ló sì fà á. Ara ògiri mẹ́ta la máa ń to àga sí, kí àlejò lè rójú ara wọn. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ á máa wo tẹlifíṣọ̀n láti igun. Bó bá jẹ́ VA ni, dúdú rẹ̀ á di eérú lójú ẹni náà, àwọ̀ ara àwọn òṣèré á sì ṣì. IPS kì í yí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìròyìn àti bọ́ọ̀lù ni ilé yín ń wò lọ́sàn-án, tí èèyàn mẹ́wàá ń jókòó yí ká, IPS ò burú. Àmọ́ fún sinimá alẹ́, a ò ní tìtorí àga ẹ̀gbẹ́ ra eérú. Ẹ gbé àga méjì tó dára jù kọjú sí tẹlifíṣọ̀n gbọọrọ, kí ẹ ra VA tó ní local dimming.

Local dimming yìí ni pé wọ́n pín iná ẹ̀yìn sí agbègbè agbègbè, kí ibi tó dúdú lè pa tirẹ̀ nígbà tí ibi tó mọ́lẹ̀ ń tan tirẹ̀. Iye agbègbè náà ṣe pàtàkì gan-an. Ìdánwò tó dá wa lójú jù ni fíìmù Yorùbá tí wọ́n kọ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì funfun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ síbi tó jẹ́ òru, tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Lórí tẹlifíṣọ̀n tí agbègbè rẹ̀ ò pọ̀, bí lẹ́tà funfun bá ti yọ báyìí, ìkùukùu iná á yọ yí i ká, á máa tàn, á máa kú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà. Lórí èyí tí wọ́n pè ní Mini-LED, tí agbègbè rẹ̀ lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ìkùukùu náà dín kù débi pé ẹ máa wá a kí ẹ tó rí i. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ni iná wọn wà. Tiwọn yìí, bí ìsàlẹ̀ bá tan, òpó iná á nà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ má rà á fún sinimá.

OLED ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó dú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ń rí i bó ṣe yẹ. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó san owó. Àmì ilé iṣẹ́ ìròyìn tí kì í kúrò ní igun, tàbí iye góòlù tó dúró sójú kan, lè jóná sí i lára bí wọ́n bá ń tan ìkànnì kan náà láti àárọ̀ títí di alẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé OLED máa ń tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí a bá fi rìmóòtù pa á. Ti LG, bí àpẹẹrẹ, máa ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó tó bíi wákàtí mẹ́rin, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwa ńkọ́? Bí a bá ti pa á tán, a ó yọ pọ́lọ̀gì, tàbí kí iná lọ. Iṣẹ́ náà ò ní parí, òjìji àwòrán àná á sì máa kó jọ. Ẹni tó bá fẹ́ OLED gbọ́dọ̀ ní ìnfátà, kó sì fi í sílẹ̀ lórí iná fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tó bá fi rìmóòtù pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ dàrú mọ́ yín lójú: QLED kì í ṣe OLED. Panẹ́ẹ̀lì oníná ẹ̀yìn ni QLED, àwọ̀ rẹ̀ ló dára ju ti yòókù lọ.

Ní ti ìtóbi, láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn ìnṣì. Ìnṣì 65 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 144, ó ga tó 81, ẹ wọn ògiri yín kí ẹ tó jáde nílé. Kí ojú lè gba àwòrán bíi ti ilé sinimá, ẹni tó ní 55 kó jókòó ní ẹsẹ̀ bàtà 5½ sí 7, 65 ní 6½ sí 8½, 75 ní 7½ sí 10. Nínú pálọ̀ tí a sọ yẹn, bí àga bá fẹ̀yìn ti ògiri, orí ẹni tó jókòó á jìnnà tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 9½ sí tẹlifíṣọ̀n. Ìnṣì 75 ló bá a mu. Bí owó yín bá tó 75 tí dúdú rẹ̀ jẹ́ eérú tàbí 65 tó dú, ẹ ra 65, kí ẹ fa àga síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ní ti iye ẹyọ tó wà lójú rẹ̀, 8K ò kan yín. 4K, ìyẹn ẹyọ 3840 ní ìbú àti 2160 ní gíga, ti tó, kódà ohun tí a ń wò kì í sábà tó o. DStv HD ò kọjá 1080i, ìyẹn ẹyọ 1080 ní gíga. Netflix ló ní 4K, àmọ́ ó ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó 15 Mbps, á sì jẹ tó gígábáìtì 7 láàárín wákàtí kan. Ẹ fi dátà fóònù ṣe ìṣirò fíìmù wákàtí méjì, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Àwọn Android box olówó pọ́ọ́kú tí kò ní àṣẹ Netflix kì í tiẹ̀ gbé HD jáde, bó ti wù kí wọ́n kọ 4K gàdàgbà sí i lára.

Ọ̀rọ̀ HDR náà, ìyẹn àwòrán tí ibi tó mọ́lẹ̀ ń tàn gan-an tí ibi tó dúdú sì dú: tẹlifíṣọ̀n tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò ju nits 300 lọ (nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) lè gba àmì HDR, kò lè fi í hàn. Ẹ wá 600 sókè. Irú HDR wà lóríṣiríṣi: Samsung kì í ní Dolby Vision, HDR10+ ló ń lò; LG, Sony, Hisense àti TCL ní Dolby Vision lórí ọ̀pọ̀ tiwọn. A ò ní tìtorí ìyẹn nìkan kọ ọjà tó dú.

Bí ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú flash drive lọ́wọ́. Ẹ kó àwòrán funfun gbalaja, dúdú gbalaja àti eérú tó ṣókùnkùn sí i, pẹ̀lú fíìmù 4K kan. Bí fíìmù bá ju gígábáìtì 4 lọ, flash tí wọ́n format sí FAT32 ò ní gbà á, exFAT ni kí ẹ format rẹ̀ sí. Funfun á fi ẹyọ tó ti kú hàn bí ẹ̀gún kékeré. Eérú á fi àbàwọ́n àti ìlà hàn, irú èyí tí ẹ óò máa rí nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń yí lórí pápá. Ẹ ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí dúdú bá wà lójú rẹ̀. Olùtajà tó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki pọ́lọ̀gì bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ 100–240V, kò séwu. Bó bá jẹ́ 120V nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá, iná ilé wa á jó o lójú ẹsẹ̀ láìsí transformer.

Iná ló ń pa tẹlifíṣọ̀n jù níbí, kì í sì í ṣe iná tó lọ sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tó ń gba 100–240V ń fara da iná tó rọ̀. Èyí tó ń pa á ni iná tó bá já wọlé lójijì, pàápàá bí nútírà bá já lórí òpó tó ń gbé fésì mẹ́ta. Nígbà yẹn, iná tó sún mọ́ 400V lè wọ ilé. Stabilizer tí ń dún kọ̀, kọ̀ ò ní yára tó láti gba ìyẹn dúró. Ohun tó yẹ ni voltage protector tó máa já iná fúnra rẹ̀ bó bá ti ju bíi 260V lọ, tí á sì dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dá a padà. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà bíi surge protector, extension lásán tó ní gílóòbù pupa ni.

Ìnfátà yín, pure sine wave, tí iná rẹ̀ ń ṣàn geere, ni kó jẹ́. Irú kejì, modified sine wave, ń mú kí sípíkà máa hùn. Tẹlifíṣọ̀n VA ìnṣì 65 ń jẹ tó wáàtì 150, soundbar (sípíkà gbọọrọ tó ń wà níwájú tẹlifíṣọ̀n) 40, dékódà 20. Bátìrì omi 12V 200Ah kan, bí ẹ bá lo ìdajì rẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, tí ẹ sì yọ ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, á gbé gbogbo rẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Fíìmù méjì nìyẹn.

Ẹ má gbé e kọ́ sí abẹ́ àjà. Àárín tẹlifíṣọ̀n yẹ kó wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tó jókòó, bíi sẹ̀ǹtímítà 100 sí 110 láti ilẹ̀. Bó bá ga jù, ọrùn á máa dun yín, VA á sì ṣì lójú yín láti ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ìnṣì 65 wúwo tó kílò 20 sí 25, búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́lé sì ní ihò nínú. Bí ẹ̀rọ ìlu bá lu ògiri tó kọjá ìnṣì kan, ẹ óò gbọ́ ọ tó dédé já sófo. Ibẹ̀ yẹn ni rawl plug ò ti ní dúró. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà rọ kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù méjì tó máa gba ìdè (bolt), kó sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ de páìlì (plywood) tó nípọn mọ́ ibi mẹ́fà lára ògiri. Ilé alámọ̀, ẹ fi tábìlì sí i. Ìdè ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń jẹ́ M6 tàbí M8, ìyẹn mílímítà 6 tàbí 8 ní fífẹ̀. Bó bá gùn jù, á gún panẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn.

Bí ẹ bá tan án, ẹ yọ ọ́ kúrò ní ipò àwòrán Vivid, ẹ fi sí Filmmaker tàbí Movie. Ẹ fi sharpness sí òdo tàbí sí nǹkan tó sún mọ́ ọn, àwọ̀ sí Warm, kí ẹ sì pa motion smoothing, ohun tó ń mú fíìmù rìn bí eré orí pèpéle. Ó máa pọ́n díẹ̀ lójú lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹta ẹ óò mọ̀ pé ti tẹ́lẹ̀ ló búlúù jù. Soundbar, ẹnu HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí nìkan ni kó wọ̀, kí ẹ sì yọ ohùn kúrò ní PCM sí Bitstream tàbí Passthrough, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sípíkà ẹ̀yìn ò ní fọhùn.

Bí òjò bá ti ń ṣú, yíyọ pọ́lọ̀gì nìkan ò tó. Àrá ń gba wáyà díìṣì wọ dékódà, ó ń gba HDMI wọ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ tú wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dékódà náà. Bí ẹ bá sì ń gbé e láti Adó lọ sí Òmùò tàbí Èfọ̀n, òòró ni kó dúró, ẹ má fi í lélẹ̀, ẹ má sì di ẹrù tì í. Mọ́tò kékeré ò gbà á, bọ́ọ̀sì ni. Ẹ tan án níṣojú ẹni tó gbé e wá kó tó padà, torí pé panẹ́ẹ̀lì tó fọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tẹlifíṣọ̀n tuntun. Kí ẹ tó sọ páálí àti fóòmù rẹ̀ nù, ẹ dúró kí oṣù mẹ́fà pé.